Èdè Potogí fún Eré Ìdárayá
Ẹni tí ó ń kọ́ èdè Potogí kí ó lè bá àwọn ará Bràsíl ṣe eré ìdárayá, kí ó ṣọ́ra, kí ojú má baà tì í. “Correr” ni kí a sáré, “nadar” ni kí a lúwẹ̀ẹ́; ìwọ̀nyí rọrùn. Ṣùgbọ́n “esteira” ni ẹní; bí olùkọ́ bá sì ní kí ẹ bọ́ sórí “esteira”, oorun kọ́: ẹ̀rọ tí a fi ń sáré lójú kan ni. “Malhar” ni kí a fi òòlù lu irin. Òun náà ni wọ́n ń pe fífi ara ṣiṣẹ́ kí iṣan lè le. Èyí wù mí púpọ̀. Ilé eré náà ni “academia”. Ní ilẹ̀ Potogí fúnra rẹ̀, “ginásio” ni.