Aláboyún gbọ́ ìkéde, ṣùgbọ́n ta ló ní àṣẹ?

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo aláboyún kan ní abà kòkó lágbègbè Agbabu, ìlú ọlọ́dà bítúmẹ́ènì ní ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó gbọ́ lórí rédíò pé kí ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù, ó sì gbà pé òótọ́ ni. Àmọ́ ọkọ rẹ̀ ló ń gba owó iṣẹ́ oko. Ìyá ọkọ ti yan ilé àgbẹ̀bí fún un. Alágbàro tó wá láti ọ̀nà jíjìn ni tọkọtaya náà, wọn kò ní ẹbí nítòsí tó lè yá wọn lówó ọ̀kadà dé Ọ̀rẹ̀ lóru. Bí kò bá lọ, olùṣèwádìí á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tẹ̀lé ìmọ̀ràn. Àkọsílẹ̀ yẹn kò tọ́, ó sì léwu, torí kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló dá a dúró; wọ́n para pọ̀ ni.

Ní 1989, Kimberlé Crenshaw, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ onímọ̀ òfin ní Amẹ́ríkà, tọ́ka sí ẹjọ́ tí àwọn obìnrin dúdú pe ilé-iṣẹ́ General Motors. Ilé ẹjọ́ kò gbà kí wọ́n pa ẹ̀sùn méjì pọ̀: yálà kí wọ́n sọ pé wọ́n fìyà jẹ àwọn nítorí àwọ̀, tàbí nítorí pé obìnrin ni àwọn. Crenshaw ní ibi tí méjèèjì ti pàdé gan-an ni ìyà náà wà.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti gbìyànjú ohun tó sún mọ́ èrò yìí. Ètò Abíyẹ, tí ìjọba Olúṣẹ́gun Mímìkò, gómìnà ìgbà náà, bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ ní 2009, wádìí ohun tó ń dá aláboyún dúró: ìpinnu tó pẹ́ nílé, ọ̀nà tó jìn, ìtọ́jú tó falẹ̀, àti pípẹ́ kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sí ọsibítù ńlá. Wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù, òṣìṣẹ́ ìlera sì ń bẹ̀ wọ́n wò nílé.

Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣì ń bímọ nílé àgbẹ̀bí. Èyí ló bí ètò Agbẹ̀bíyẹ ní 2014. Dípò kí ìjọba máa bá àwọn ìyá àgbẹ̀bí jà, ó fún wọn lówó nígbà náà lórí aláboyún tí wọ́n bá mú wá sí ọsibítù, ó sì kọ́ wọn níṣẹ́ míì. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn lójú mi, torí ìyá àgbẹ̀bí ní àṣẹ tí nọ́ọ̀sì kò ní láàárín àwọn obìnrin wọ̀nyí.

Àmọ́ fóònù kò lè sọ obìnrin di ẹni tó ń pàṣẹ owó nílé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá ṣèwádìí ní Odìgbó, ẹ má fi ìbéèrè yín mọ sórí ohun tí ìyá mọ̀. Ẹ bi í pé ta ló ní owó, ta ló ni ilẹ̀, èdè wo ni nọ́ọ̀sì fi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ bi ọkọ náà, kí ẹ sì bi ìyá ọkọ.