Nígbà Tí Páànẹ́lì Bá Sọ̀ Kalẹ̀ Látorí Páànù

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ, ẹ kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Páànù ni irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo ilé nílẹ̀ Yorùbá. Páànẹ́lì ni pátákó dúdú tó ń dán, tí gíláàsì bò lójú, tó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó sì ń sọ ọ́ di iná mànàmáná. Tí ẹ bá gun Òkè Màpó tí ẹ sì wo ìgboro Ìbàdàn, páànù tó ti dípẹtà ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni ẹ ó máa rí páànẹ́lì lórí àwọn kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n páànẹ́lì tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín kò sí lórí ilé ẹnikẹ́ni. Orí ilẹ̀ ni wọ́n tò ó sí, lórí òpó irin.

Ẹ ti mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń wá iná mìíràn. Iná ọba (ìjọba ni "ọba" inú ọ̀rọ̀ yìí, bíi ti "iṣẹ́ ọba") kì í dúró. Tó bá lọ, ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ á tan án, èéfín á sì gba àdúgbò kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500. Láti ìgbà náà, àwọn tí kò bìkítà rí nípa èéfín pàápàá ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta páànẹ́lì.

Ní Gbamu-Gbamu, abúlé àwọn àgbẹ̀ kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ìpínlẹ̀ Ògùn, iná ọba kì í lọ, nítorí pé kò dé ibẹ̀ rí. Ní ọdún 2018, wọ́n ṣí iná oòrùn kan níbẹ̀ fún gbogbo abúlé. Agbára páànẹ́lì rẹ̀ jẹ́ kìlówáàtì 85; bátìrì wà pẹ̀lú rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì wà tí wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn. Kí ni 85 túmọ̀ sí? Áyọ́ọ̀nù kan tí a fi ń lọ aṣọ máa ń gba nǹkan bíi kìlówáàtì kan. Nítorí náà, lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn bá ń ràn dáadáa, iná yẹn lè gbé nǹkan bí áyọ́ọ̀nù 80 lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè dà bí ohun kékeré lójú yín, níbi tí ẹ wà lókè òkun. Lójú ẹni tó ń fi bẹntiróòlù lọ ata, kì í ṣe kékeré.

Kí ló dé tí wọn kì í pín irú páànẹ́lì bẹ́ẹ̀ sórí òrùlé? Lákọ̀ọ́kọ́, òrùlé ti kọjú síbi tí kápẹ́ńtà kọ ọ́ sí, ẹ kò sì lè yí ilé padà. Páànẹ́lì ní tirẹ̀ fẹ́ kí a kọ ojú rẹ̀ sí ibi tí oòrùn ń gbà kọjá. Ìlú tí ẹ bá wà ló máa sọ ibẹ̀. Ní Ìbàdàn, tó fi nǹkan bíi dìgírì 7 jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, gúúsù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọ́n á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ní London, gúúsù náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbé e dìde tó dìgírì 30 sí 40, torí pé oòrùn ibẹ̀ kì í gòkè púpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Salvador ní ilẹ̀ Bahia, tiyín yàtọ̀: àríwá ni ẹ ó kọ ọ́ sí.

Ẹ má sì rò pé kí páànẹ́lì tẹ́ pẹrẹsẹ pátápátá dára ní Ìbàdàn. Ó yẹ kó fì díẹ̀, ó kéré tán dìgírì 10, kí òjò lè fọ eruku kúrò lára rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, òjò kì í sábà rọ̀, eruku á sì bo gíláàsì náà. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní mẹ́jọ lórí ilé alájà méjì. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì, kò sẹ́ni tó ń gun òkè lọ nù ún, gbogbo ilé á wá máa bínú sí bátìrì. Èyí tó wà nílẹ̀, ọmọ ilé lè fi omi àti àkísà nù ún kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ooru tún wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni páànẹ́lì ń fẹ́, kì í fẹ́ ooru: bí ara rẹ̀ bá ṣe ń gbóná sí i ni iná tó ń mú wá ń dín kù. Lórí páànù tí oòrùn ti yan, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Lórí òpó, atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Òjìji ni ọ̀tá tó burú jù. Ẹ fojú inú wo èèyàn mẹ́wàá tí wọ́n tò láti odò dé ilé, tí wọ́n ń gba korobá omi lọ́wọ́ ara wọn. Tí ẹnì kan bá ń tòògbé, omi tó ń dé ilé á dín kù, bí àwọn mẹ́sàn-án yòókù tilẹ̀ lágbára. Bí wọ́n ṣe máa ń so páànẹ́lì pọ̀ nìyẹn. Òjìji ẹ̀ka igi kan lórí ẹyọ kan lè fa gbogbo ìlà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà kan àti èkejì, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa ro koríko abẹ́ rẹ̀. Ní Bírítéènì, àgùntàn ni àwọn kan fi ń jẹ koríko náà. Wọn kì í fẹ́ ewúrẹ́, torí pé ewúrẹ́ á gun orí páànẹ́lì.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, ibí sì ni ọ̀rọ̀ ti le. Mẹ́gáwáàtì kan máa ń gba nǹkan bíi hẹ́kítà kan sí méjì. Ti abúlé kan bíi Gbamu-Gbamu kò tó pápá bọ́ọ̀lù kan, síbẹ̀ ilẹ̀ ẹnìkan ni. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Àmọ́ ẹ lọ sí oko kí ẹ béèrè ẹni tó ni ilẹ̀, orúkọ ẹbí ni wọ́n máa dá yín lóhùn. Páànẹ́lì lè lo ọdún 25. Tí baálé nìkan bá fọwọ́ sí ìwé lónìí, àwọn ọmọ tí wọn kò bá wọn dá sí i lè dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá pé àwọn kò mọ̀ sí i. Igi obì aládùúgbò ńkọ́, tí òjìji rẹ̀ ń ṣubú sórí páànẹ́lì ní ìrọ̀lẹ́? Ta ni yóò sanwó kí wọ́n tó gé e? Lójú tèmi, ìjókòó ẹbí tó pé pérépéré ṣe pàtàkì ju irú páànẹ́lì tí a rà lọ. Ní àárín Èkó, níbi tí ilé fara ti ilé, n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó gbé e sílẹ̀. Kó wà lórí páànù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè yìí ní Kúbà ti rí apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ilé iṣẹ́ iná ńlá tó wà ní Matanzas, ìlú tí àṣà Lukumí ti fìdí múlẹ̀, dákú, gbogbo orílẹ̀-èdè náà sì wọ òkùnkùn. Ní 2025, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn oko páànẹ́lì lórí ilẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 21.8. Lọ́sàn-án, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn èèyàn ń dáná oúnjẹ alẹ́, tí wọ́n ń tan fáànù, oòrùn á sì ti wọ̀ nígbà náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oko náà ni kò ní bátìrì.

Nílẹ̀ Yorùbá, oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ìrọ̀lẹ́ jálẹ̀ ọdún, ìgbà tí àgbẹ̀ ń ti oko dé. Tí ẹ bá dé abúlé tó ní irú iná yìí, ẹ kí wọn kú ilé, ẹ yin páànẹ́lì wọn, kí ẹ sì béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, iná yín máa ń di aago mélòó kó tó lọ lálẹ́?"