Nígbà Tí Ọwọ́ Ọmọdé Bá Tó Pẹpẹ

Bí ilé ìwé bá ti jáde lọ́sàn-án, ojú títì Abúlé Òkúta ní Bàrígà a kún fún ọmọ. Èyí ń lọ sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ láti bá a tajà. Tọ̀hún ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín máruwá. Òmíràn jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá kan ṣoṣo tí gbogbo ẹbí ń gbé, ó ń wá ibi tí yóò tẹ́ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀, ìwé kò jìnnà sí wọn. Ṣómólú tí gbogbo Èkó mọ̀ fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀ ń rìnrìn àjò dé ibi tí ọmọ Abúlé Òkúta kò dé rí. Ìbéèrè mi ni pé, níbo ni ọmọ náà yóò ti fọwọ́ kan ìwé tí kì í ṣe ti ìdánwò?

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé àtijọ́ mú ìdajì òwe yìí bí òfin: pẹpẹ ga, ìwé wà lókè, ọmọ wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àgbàlá ilé kan wà lára ibi tí ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1989, Kathy Knowles, obìnrin ará Kánádà, kó dé ìlú Accra ní Gánà pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn fún àwọn ọmọ àdúgbò nínú ọgbà ilé rẹ̀. Ọmọ ń pe ọmọ wá, àyè ń fún. Nígbà tó di 1992, kọ̀nténà tí wọ́n fi ń kó ẹrù gba orí òkun ni wọ́n sọ di ilé ìkàwé fún àwọn ọmọ àdúgbò Òsù ní Accra. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti gbèrú dé àdúgbò mìíràn bíi Nima, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣe eré orí ìtàgé, tí àwọn àgbàlagbà náà sì ń kọ́ bí a ti ń kàwé. Knowles tún ya fọ́tò ọmọ àti ọjà Gánà, ó fi wọ́n ṣe ìwé, kí ọmọ lè ṣí ìwé kó rí ẹni tó jọ ọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa l'Ékòó, Fúnmi Ìlọ̀rí, tó ti ṣe olùkọ́ rí, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé kiri láti ilé dé ilé. Iṣẹ́ náà ló di iRead, ilé ìkàwé inú ọkọ̀ tó ń lọ bá ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ àti ládùúgbò wọn.

Kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ìwé kíkà lọ? Ẹ rántí àgbàlá bàbá wa lálẹ́ òṣùpá. Ẹni tó ń pàlọ́ kò dá nìkan pa á. Àwọn ọmọ ló ń gbe orin. Ọmọ tó fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dúró kó kàn án. Ibẹ̀ ni a ti kọ́ sùúrù, ìgbọ́ràn àti bí a ti ń bá ẹgbẹ́ ṣe. Ilé ìkàwé ọmọdé lè dá àgbàlá náà padà. Ìwé kan, ọmọ méjì: wọ́n ní láti fi ẹnu kò. Ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ nígbà tó ń yá ìwé ti ṣe ìlérí, yóò sì kọ́ láti mú un ṣẹ. Ẹ̀gbọ́n ń kàwé fún àbúrò tí kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Ní Bàrígà, ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Ègùn àti ọmọ Ìgbò lè jókòó sórí ẹní kan.

Ọwọ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 2011, ilé ìkàwé ìlú Fayetteville ní ìpínlẹ̀ New York, ní Amẹ́ríkà, ya àyè sọ́tọ̀ kí ará ìlú lè máa fi irinṣẹ́ ṣẹ̀dá nǹkan níbẹ̀. Àwa kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bàrígà ni Ṣẹ́gun Adéfilá ti dá ẹgbẹ́ òṣèré Crown Troupe of Africa sílẹ̀ ní 1996. Ìlù àti ijó kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ọmọ tó ka ìtàn ìjàpá lè jáde sí gbangba, kó fi ṣeré. Bébà tí ẹ̀rọ gé kù ní Ṣómólú lè di ìwé kékeré lọ́wọ́ ọmọ tó ní abẹ́rẹ́, òwú àti gọ́ọ̀mù. Nígbà tó bá ń wọn etí bébà kó tó ká a, ìṣirò ló ń ṣe. Nígbà tó bá ń kọ ìtàn ìyá ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀, ó ń kọ́ èdè.

Mo ń bẹ àwọn baálẹ̀, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ìjọ àti mọ́sáláṣí, àti ẹ̀yin ọ̀gá onítẹ̀wé: yàrá kan tó ní fèrèsé, ẹní mélòó kan, pẹpẹ tí kò ju àyà ọmọ lọ àti àgbàlagbà kan tó fẹ́ràn ọmọ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ìdajì kejì òwe yẹn ni kí a máa rántí. Ohun kan wà nínú kèrègbè tí ọwọ́ wa kò lè mú jáde, ọwọ́ kékeré ló lè wọ ibẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ Abúlé Òkúta bá gbé ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán sórí pẹpẹ, tí ọmọ mìíràn wá yá a, ọwọ́ náà ti dé inú kèrègbè.