Ìparadà Tí Ó Ṣọ̀wọ́n Nínú Kóró Átọ́ọ̀mù

Bí ènìyàn bá dé ọjà Ojúwoyè ní Mushin ní ìrọ̀lẹ́, ariwo ọjà, ti ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ kò ní jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń sọ sí i létí. Irú ìṣòro yìí gan-an ni ó dojú kọ àwọn onímọ̀ físíìsì tí wọ́n ń ṣọ́ ìparadà kan tí ó ṣọ̀wọ́n nínú kóró átọ́ọ̀mù. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣọ́, àti ìdí tí àìrí i pàápàá fi jẹ́ ìmọ̀. (A yan ìparadà láàyò ju ìjẹrà lọ, nítorí pé nǹkan kan kò rà níbẹ̀, átọ́ọ̀mù kan ni ó di òmíràn.)

Pírótọ́ọ̀nù àti niutírọ́ọ̀nù ni ó wà nínú kóró átọ́ọ̀mù. Niutírọ́ọ̀nù kan lè di pírótọ́ọ̀nù, kí ó sì tu ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan àti òdì-kejì niutíríínò kan síta. Nínú àwọn átọ́ọ̀mù díẹ̀, bí i germanium-76 àti xenon-136, méjì ni ó ń paradà lẹ́ẹ̀kan náà. Maria Goeppert Mayer ni ó ṣírò èyí ní ọdún 1935. Ní 1937, Ettore Majorana, ọmọ Ítálì, dá a lábàá pé ó ṣeé ṣe kí niutíríínò àti òdì-kejì rẹ̀ jẹ́ ohun kan náà. Wendell Furry fi hàn ní 1939 pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìparadà oníméjì lè wáyé láìsí niutíríínò kankan tí yóò jáde.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ká ní ìyá aláta kan ń rán ọmọ méjì lọ gba iye owó kan náà lójoojúmọ́. Bí olè tí a kò rí bá ń mú nínú rẹ̀ lọ́nà, iye tí ó ń dé ọwọ́ ìyá yóò máa yí padà ni. Bí kò bá sí olè, owó yóò pé pérépéré. Agbára tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì gbé jáde ni owó yìí; niutíríínò ni olè. Fún germanium-76, iye tí ó pé ni 2,039 keV.

Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì yóò wáyé láìsí òdì-kejì kankan. Ohun ńlá ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àgbáńlá ayé, ohun gbogbo àti òdì-kejì rẹ̀ ì bá ti pa ara wọn rẹ́. Síbẹ̀ nǹkan ṣẹ́ kù, omi ọ̀sà àti àwa náà wà nínú rẹ̀.

Ariwo ni ọ̀tá. Nǹkan bí átọ́ọ̀mù potasíọ́ọ̀mù-40 15 ni ó ń paradà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Nínú ara àgbàlagbà, ó tó 4,000. Ìtànṣán tún ń rọ̀ láti òfurufú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ GERDA lọ sí abẹ́ òkè Gran Sasso ní Ítálì, tí àpáta nǹkan bí 1,400 mítà bò ó mọ́lẹ̀.

GERDA kò rí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ní 2020 ó kéde pé àsìkò tí ìdajì átọ́ọ̀mù náà yóò fi paradà láìsí niutíríínò ju ọdún 18 tí òdo 25 tẹ̀ lé lọ, bẹ́ẹ̀ ni àgbáńlá ayé kò ju bílíọ̀nù ọdún 13.8 lọ. A kì í dúró ti átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Nínú kílò germanium-76 kan, ó tó 8 tí òdo 24 tẹ̀ lé, gbogbo wọn ni a sì ń ṣọ́ pọ̀. Nípa báyìí, àbá èyíkéyìí tí ó sọ pé ìparadà náà yá ju bẹ́ẹ̀ lọ ti kùnà. Ní Japan, KamLAND-Zen, tí ń lo xenon-136, sún ààlà tirẹ̀ dé 38 tí òdo 25 tẹ̀ lé ní 2024. LEGEND-200, tí ó rọ́pò GERDA ní abẹ́ òkè kan náà, bẹ̀rẹ̀ ìṣọ́ tirẹ̀ ní 2023 pẹ̀lú germanium tí ó pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ.