Fáàfù Àtijọ́ fún Ẹ̀rọ Amúgbòòrò Ohùn: Bí A Ti Ń Dá A Mọ̀ àti Bí A Ti Ń Rà Á

Ọ̀rọ̀ náà, fáàfù, kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó bá ti fún afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́ rí. Ohun kékeré tí ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ó jáde, ni. Nítorí irú ìṣesí yìí gan-an ni àwọn ará Bìrìtéènì fi sọ ohun-èlò tí John Ambrose Fleming ṣe ní ọdún 1904 ní orúkọ kan náà: iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá sí apá kan ṣoṣo, kì í padà. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò wo ìṣesí rẹ̀, ìrísí rẹ̀ ni wọ́n wò, wọ́n sì pè é ní túùbù. Ti Bìrìtéènì ni ó sàn jù fún olùkọ́, nítorí pé ó ń sọ iṣẹ́ tí ohun-èlò náà ń ṣe, ó sì ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀.

Inú ìgò tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ni iṣẹ́ fáàfù ti ń lọ. Okùn amúgbóná a máa mú kátóòdù gbóná títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde. Ánóòdù, ìyẹn àwo onírin tí ó yí kátóòdù ká, a sì máa fà wọ́n mọ́ra. Ibi tí Fleming bá iṣẹ́ dé nìyí. Ní ọdún 1906 ni Lee de Forest, ará Amẹ́ríkà, fi ẹ̀yà kẹta sí àárín àwọn méjèèjì. Asẹ́ ni orúkọ tí ó yẹ ẹ̀yà yìí. Ẹlòmíràn lè fẹ́ pè é ní ajọ̀, ṣùgbọ́n ohun gbígbẹ ni a ń fi ajọ̀ jọ̀, ohun tí ń ṣàn ni a ń fi asẹ́ sẹ́, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ń ṣàn ni. Kìkì pé asẹ́ ògì a máa dá èèrí dúró kí omi ògì kọjá. Asẹ́ inú fáàfù kì í ya irú kan sọ́tọ̀ kúrò lára irú kejì, iye tí yóò kọjá ni ó ń pinnu. Bí fólítì tí ó wà lórí rẹ̀ bá yí padà díẹ̀, iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí yóò dé ọ̀dọ̀ ánóòdù a yí padà púpọ̀. Bí ohùn kékeré ti ń di ohùn ńlá nìyẹn.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe tiránsístọ̀ àkọ́kọ́ ní ilé ìwádìí Bell ní ọdún 1947 ni ìlò fáàfù wá bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù nígbà tí ó yá. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kọ̀ ọ́ sílẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń ṣe é sì ti ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni àwọn onígìtá àti àwọn tí ó fẹ́ràn láti máa gbọ́ àwo orin nílé. Nítorí tiwọn ni wọ́n fi ń ṣe titun ní sẹ́ńtúrì 21 yìí, ní Čadca ní ilẹ̀ Slovakia àti ní Saratov ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá ti àtijọ́, wọ́n sì ń san owó tí ó ju ti titun lọ dáadáa. Bóyá etí lè mọ ìyàtọ̀ náà tàbí kò lè mọ̀ ọ́n jẹ́ àríyànjiyàn tí a kò ní dá sí níhìn-ín. Ohun tí ó kan atúmọ̀ èdè ni pé ibi tí owó bá pọ̀ sí, ayédèrú kì í jìnnà, àti pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a bá lò fún ohun mẹ́ta ni ayédèrú ń rí ibi fara pamọ́ sí.

Ohun mẹ́ta náà ni irú tí fáàfù jẹ́, ilé tí ó ṣe é, àti ilé tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ tà á. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà lára ìgò kan náà. Ẹni tí ó bá pe gbogbo wọn ní “orúkọ” ti bá oníjìbìtì ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá pè wọ́n ní irú, orísun àti àmì-ọjà, olúkúlùkù yóò dúró sí àyè rẹ̀.

Irú ni ó rọrùn jù láti kà. Nínú ECC83, tí ó jẹ́ ìlànà Yúróòpù, E ń sọ pé okùn amúgbóná ń fẹ́ fólítì 6.3. C ń sọ pé fáàfù tí ó ní ẹ̀yà mẹ́ta ni, fún iṣẹ́ ohùn kékeré. A sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀méjì nítorí pé méjì ni ó wà nínú ìgò kan. (Orúkọ náà ìbá kúrú bí a bá lè sọ pé “ẹlẹ́yà mẹ́ta”, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì tí àwọn ọmọ kò ní rẹ́rìn-ín.) 8 ń tọ́ka sí ìdí tí ó ní ẹsẹ̀ 9, 3 sì jẹ́ nọ́ḿbà ìtòlẹ́sẹẹsẹ lásán. Fáàfù yìí kan náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 12AX7. Okùn amúgbóná rẹ̀ pín sí méjì: bí a bá so ìdajì méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, fólítì 6.3 ni, bí a bá so wọ́n tẹ̀léra, 12.6 ni. Yúróòpù ka ti àkọ́kọ́, Amẹ́ríkà ka èkejì. Àwọn ọmọ-ogun Bìrìtéènì tún ní orúkọ tiwọn, CV4004, fún èyí tí a ṣe fún ìlò ológun.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé ohun tí ó jọra ni ó jẹ́ ọ̀kan náà. ECC81, ECC82 àti ECC83 ní ẹsẹ̀ kan náà, wọ́n sì lè wọ ihò kan náà, ṣùgbọ́n agbára ìmúgbòòrò wọn jẹ́ ìlọ́po 60, 17 àti 100. 6Н2П tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Sófíẹ̀tì sún mọ́ ECC83 nínú ìmúgbòòrò, ó sì ní ẹsẹ̀ 9 bíi tirẹ̀, àmọ́ a kò so okùn amúgbóná rẹ̀ bákan náà. Bí a bá tì í bọ ihò ECC83, ó lè jó, tàbí kí ó má tàn rárá, bí a bá ti so ihò náà ni.

Àmì-ọjà ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù. Philips ti ilẹ̀ Holland ra Mullard ti Bìrìtéènì tán ní ọdún 1927, nítorí náà fáàfù tí wọ́n ṣe ní ilé-iṣẹ́ Mullard ní Blackburn lè jáde pẹ̀lú orúkọ Amperex ní Amẹ́ríkà tàbí Valvo ní Jámánì. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àṣà òwò ni. Bákan náà ni kò sí irọ́ nínú pé ilé-iṣẹ́ New Sensor ti Amẹ́ríkà fi Mullard àti Tung-Sol, orúkọ ilé-iṣẹ́ àtijọ́, sí ara fáàfù titun tí wọ́n ṣe ní Saratov. Irọ́ wọ inú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹnì kan bá tà á gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ti Blackburn wá.

Orísun kì í sí nínú ọ̀dà. Ọ̀dà tí wọ́n fi kọ̀wé sára fáàfù àtijọ́ kò lágbára. Ìka lásán lè nù ún kúrò, ẹni tí ó bá sì nù ún kúrò lè tẹ òmíràn sí i. (Nítorí ìdí yìí náà ni kò fi yẹ kí olùrà fi aṣọ nu fáàfù rẹ̀ nítorí ìmọ́tótó.) Ìsàlẹ̀ gíláàsì, nítòsí ẹsẹ̀, ni kí a kọ́kọ́ wò. Níbẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ Philips máa ń fín àmì kékeré aláwọ̀ eérú sí, ní ìlà méjì. Ká ní ohun tí ó wà lára fáàfù kan ni xf2 lókè àti B5H2 nísàlẹ̀. xf ń sọ pé EL34 ni. 2 ni àtúnṣe tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dé. B ni Blackburn. Bí ó bá jẹ́ pé igun mẹ́ta kékeré ni ó wà ní àyè rẹ̀, Heerlen ní ilẹ̀ Holland ni. 5 ni ọdún, H ni oṣù kẹjọ, 2 ni ọ̀sẹ̀ kejì. Ọdún wo wá ni? Nọ́ḿbà kan ṣoṣo kò lè sọ bóyá 1965 ni tàbí 1975. Nọ́ḿbà àtúnṣe ni ó ń ṣe ìrànlọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí pé xf2 ṣáájú xf4. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo nọ́ḿbà mẹ́ta fún orísun: 274 ni RCA, 188 ni General Electric, 312 ni Sylvania, 322 ni Tung-Sol, ọdún àti ọ̀sẹ̀ a sì tẹ̀lé e. Àmọ́ ọ̀dà ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́, nítorí náà ẹ̀rí rẹ̀ kò tó ti àmì tí a fín.

Lẹ́yìn àmì, ara fáàfù fúnra rẹ̀. Telefunken ti Jámánì a máa tẹ àwòrán díámọ́ńdì sínú gíláàsì ìdí, láàrin àwọn ẹsẹ̀. Inú gíláàsì ni ó wà, ọ̀dà kò lè ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ àwo ECC83 tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ní àwọn ọdún 1960 a máa dán gbọọrọ. Ti Mullard a máa ní ìlà kéékèèké. Bí àwo bá ní ìlà, tí ìdí kò sì ní díámọ́ńdì, kí olùrà tún orúkọ Telefunken tí ó wà lójú gíláàsì náà yẹ̀ wò.

Dídán bíi fàdákà tí ó wà ní orí ìgò kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bàríọ́mù ni, tí wọ́n jó nínú ìgò lẹ́yìn tí wọ́n ti dí i, kí ó lè gba afẹ́fẹ́ tí ó bá ṣẹ́ kù. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń gbálẹ̀ ti ń jẹ́ agbálẹ̀, agbáfẹ́fẹ́ ni a lè pe èyí. Bí agbáfẹ́fẹ́ bá ti funfun bí ẹfun, afẹ́fẹ́ ti wọlé, fáàfù náà ti kú, kò sì sí ẹ̀rọ tí a ó tún fi wọ̀n ọ́n. Ìmọ́lẹ̀ búlúù tí ó lẹ̀ mọ́ gíláàsì nígbà iṣẹ́ kò burú. Èyí tí ó dàbí èéfín aláwọ̀ àlùkò láàrin kátóòdù àti ánóòdù ni ó ń sọ pé afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀.

Àmì kì í sọ bóyá fáàfù ṣì lágbára. Ẹ̀rọ ìdánwò ni ó ń sọ èyí: AVO ni wọ́n mọ̀ jù ní Bìrìtéènì, Hickok ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ tí kò ju pé kí ó wọn iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kátóòdù ń tú jáde kò tó. Èyí tí ó bá ń wọn agbára ìdarí, ìyẹn bí asẹ́ ti ń darí ìṣàn sí, ni ó dára. ECC83 tí ara rẹ̀ le, bí fólítì 250 bá wà lórí ánóòdù rẹ̀, yóò ní ìṣàn mílíáńpíà 1.2 àti agbára ìdarí mílíáńpíà 1.6 fún fólítì kan, ní apá kọ̀ọ̀kan. Olùtajà tí ó bá sọ pé “ó ṣì dára ní ìdá 95 nínú 100”, láìsọ ẹ̀rọ tí ó fi wọ̀n ọ́n àti ohun tí ó kà sí 100, kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò nínú amúgbòòrò tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé fólítì 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ a máa wà nínú rẹ̀, pé ó lè pa ènìyàn, àti pé ó lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti pa iná.

Lẹ́tà NOS wà lára ọ̀pọ̀ ọjà wọ̀nyí. Ọjà àtijọ́ tí a kò lò rí ni ó dúró fún, kì í sì ṣe “titun” gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń tú u. Páálí àtijọ́ kò fi í hàn, nítorí pé fáàfù a máa wọ páálí ẹlòmíràn. Kí olùrà béèrè fún àwòrán ẹsẹ̀, ti àmì ìsàlẹ̀ gíláàsì, ti orí ìgò, àti iye tí ẹ̀rọ ìdánwò sọ, kí ó tó sanwó. Fún amúgbòòrò tí ń lo EL84 tàbí EL34 ní méjì-méjì, ìṣàn àwọn méjèèjì ní láti sún mọ́ ara wọn. Àwọn kan ti ń pe irú fáàfù bẹ́ẹ̀ ní ìbejì. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò bọ́ sí i: fáàfù méjì tí ó jáde ní ilé-iṣẹ́ kan náà ní ọ̀sẹ̀ kan náà jẹ́ ìbejì, síbẹ̀ ìṣàn wọn lè jìnnà síra. Abáradọ́gba ni ó yẹ kí á pè wọ́n. Ẹni tí ó bá sì rí “ìbejì” nínú ìwé ìpolówó, kí ó béèrè iye tí wọ́n wọ̀n fún Táíwò àti fún Kẹ́hìndé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.