Ọta òjé: Ó ń dí ìbọn ìgbàlódé lẹ́nu, ó tún ń bá wa wọ inú ọbẹ̀!

Eyín mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn tí mo fẹ́ẹ́ sọ fún yín yìí. Iyán àti ọbẹ̀ ọ̀yà ni mò ń jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní búkà kan nílùú Òkukù, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, ni nǹkan kan bá dún kó lábẹ́ eyín mi. Mo tu ú sọ́wọ́, àfi hóró dúdú kékeré kan tí kò tó ẹ̀wà. Ìyá olóúnjẹ bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ọta ni, ẹ jù ú nù. Ẹ ò rí i pé ẹran ìgbẹ́ gidi lẹ̀ ń jẹ!"

Bàbá ọdẹ kan tó jókòó nítòsí gba hóró náà, ó fi èékánná họ ọ́, ó sì ń dán. "Òjé ni," ni Bàbá wí. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan dá sí i: "Bàbá, ṣé òjé yìí ò ṣe é lò nínú àwọn ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń yìn léraléra yẹn ni?" Bàbá mirí. "Ṣakabùlà lèmi mọ̀ ní tèmi. Bi akọ̀wé yìí wò."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe kàn mí nìyẹn o. Mo wádìí ẹ̀, ohun tí mo sì rí rèé.

Ṣakabùlà kì í kánjú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ró, kí wọ́n tó tún rọ ẹ̀tù sí i lẹ́nu, kí wọ́n tún un kì. Ọta rẹ̀ kì í sáré púpọ̀, ìdí nìyẹn tí òjé fi bá a mu. Òjé wúwo, ó rọ̀, kò sì pẹ́ẹ́ yọ́: iná tó bá ti gbóná dé ìwọ̀n 327 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì ti tó o.

Ti ìbọn sẹ́mì-ọtomátíìkì yàtọ̀. Béèyàn bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀kan, agbára ìró yẹn náà ló máa fi ta èèpo ọta tó jó dànù, tó sì máa fi fa òmíràn sẹ́nu fúnra rẹ̀. Ìlà wínníwínní tó lọ́ bí ìdè wà nínú ọ̀pá rẹ̀. Bí òjé tó rọ̀ bá ń sáré gba ibẹ̀ kọjá, á máa fara ha á, á máa lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀dà ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Nígbà tó bá yá, ìbọn á há. Bó bá dí jù, ọ̀pá lè bẹ́ mọ́ ẹni tó dì í mú lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ Glock tó ń ṣe ìbọn ìléwọ́ pàápàá kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi ọta òjé tí kò ní èèpo sínú ìbọn àwọn. Lókè òkun, àwọn kan ń po tánńganran àti antimony mọ́ òjé kó lè le. Ṣùgbọ́n bàbà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń bò ó lára.

Ìtàn tiwa náà wà níbẹ̀. Nínú ogun Jálumi lọ́dún 1878, nítòsí Ìkìrun, ìbọn ẹlẹ́tù ló gbòde. Nínú ogun Kírìjì, tó parí lọ́dún 1893, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn Snider rà láti Èkó, èyí tí wọ́n ń ti ìdí kì dípò ẹnu. Òjé lásán náà ni ọta rẹ̀. Ogun yẹn ò tíì tán tí Eduard Rubin ará Swítsàlandì fi fi bàbà bo ọta lọ́dún 1882. Nígbà tó sì di 1886, àwọn ará Faransé gbé ìbọn Lebel jáde, tó ń lo ẹ̀tù tí kì í rú èéfín. Eré tí ẹ̀tù yẹn ń lé ọta ti pọ̀ ju ohun tí òjé lásán lè gbà.

Ọmọ wa ọlọ́kadà, kó o tún gbọ́ èyí: òfin ìbọn ilẹ̀ wa tọdún 1959 to ṣakabùlà sí ọ̀wọ́ tirẹ̀, tèèyàn lè gbàwé àṣẹ fún. Ṣùgbọ́n ó yọ ìbọn ọdẹ sẹ́mì-ọtomátíìkì kúrò nínú èyí tí ará ìlú lè gbàwé àṣẹ fún bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù, inú abọ́ ló wà. Bí òjé bá kọ lu eegun ẹran, ó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tójú ò lè rí. Hóró tí mo tu jáde kọ́ ni wàhálà, èyí tí mo gbé mì ni! Lọ́dún 2008, ìjọba Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn 738 wò ní North Dakota: òjé tó wà lára àwọn tó ń jẹ ẹran ìgbẹ́ pọ̀ ju ti àwọn tí kì í jẹ ẹ́ lọ. Àjọ ìlera àgbáyé sì sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tó dáa fún ara. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́ jù. Ní Zamfara lọ́dún 2010, eruku òjé láti ara òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ pa ọmọ tó lé ní 400.

Ẹ̀yin ọdẹ wa, ẹ má yọ́ òjé nínú ilé ìdáná, ẹ má sì jẹ́ kọ́mọdé sún mọ́ ọn. Òjé bátìrì ọkọ̀ tilẹ̀ burú jù. Ẹ fọwọ́ kẹ́ẹ tó jẹun. Ẹ̀yin ìyá olóúnjẹ, ẹ má yọ ọta nìkan, ẹ gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù, kó fẹ̀ dáadáa. Aboyún àti ọmọ kékeré, ẹ wá ẹran mìíràn fún wọn.

Àwọn àgbà ní a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Ti ọwọ́ nìyẹn o. Èyí tó bá wọ inú ọpọlọ ọmọ, ta ni yóò bá wa yọ ọ́?