Bí Olùkọ́ Olùwádìí Ṣe Ń Tọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì Sọ́nà

Ní ọdún 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè fún àwọn nọ́ọ̀sì. Àwọn kan rò pé fífọ egbò àti gígún abẹ́rẹ́ nìkan ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba oyè, ó ní láti ṣe ìwádìí kan, olùkọ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí ni yóò sì máa tọ́ ọ sọ́nà.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè fẹ́ mọ ohun tí kì í jẹ́ kí àwọn ìyálọ́mọ mú ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lásìkò. Olùkọ́ yóò kọ́ ọ bí a ti ń béèrè láì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kò gbọdọ̀ fi ipá mú ìyá kankan dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ wọn kò gbọdọ̀ hàn nínú ìwé. Òtítọ́ ni ó ṣòro jù. Bí ìyá 40 bá dáhùn, tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ 80 nítorí pé ọjọ́ ti lọ, olùkọ́ gidi yóò gba àwọn ìwé ìdáhùn náà, yóò kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Irọ́ tí ó bá wọ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ara aláìsàn ni yóò ti jáde.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì bá mú ìbéèrè wá sí abúlé, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè orúkọ olùkọ́ rẹ̀ àti ìwé àṣẹ ìwádìí náà kí ẹ tó dáhùn. Ẹ sì lè kọ̀.